Àlejò Inú Ewé: Àwọn Ẹyẹ Kékeré Tí Ń Ti Ẹ̀yìnkùlé Wa Lọ Sí Òkè Òkun

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ni ó máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ó ti gbálẹ̀, ẹ ó ti gbé omi kaná, ẹ ó sì ti múra ọmọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kí àwọn ará ilé yòókù tó na ara. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ariwo ọkọ̀ kò tí ì gba ìgboro kan, àwọn kan wà tí wọ́n ti jí ṣáájú yín. Orí igi máńgòrò tàbí igi ọdán ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, tí wọ́n ń yẹ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. A kì í sábà kà wọ́n sí. Wọn kò tóbi tó ẹyẹlé, wọn kò ní ìyẹ́ aláràbarà bí odídẹrẹ́, wọn kì í sì í pariwo bí ẹ̀gà. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ ibi tí wọ́n ti wá àti ibi tí wọ́n ń lọ, a ó rí i pé àlejò pàtàkì ni wọ́n, àti pé ọwọ́ àwa onílé ni ẹ̀mí wọn wà fún nǹkan bí ìdajì ọdún.

Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdọọdún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin ilẹ̀, àwọn àlejò wọ̀nyí a máa palẹ̀ mọ́. Wọn a fi ilẹ̀ wa sílẹ̀, wọn a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọn a fo Òkun Mẹditaréníà, títí wọn yóò fi dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó ní ìgbà ìrúwé tiwọn. Wíwo ẹyẹ wọ̀nyí ní àkókò ìrìn-àjò náà jẹ́ ohun tí kò gba owó, tí kò gba aṣọ tuntun, tí kò sì ní kí ìyá ọlọ́mọ fi ilé sílẹ̀.

TA NI ÀLEJÒ WA YÌÍ?

Warbler ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹyẹ wọ̀nyí, nítorí pé ohùn orin wọn a máa gbọ̀n, a sì máa dùn létí. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ níhìn-ín ni willow warbler. Gígùn rẹ̀ láti àgógó dé ìrù jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12. Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lè má ju gíráàmù 9 lọ, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ṣúgà tí ó wà nínú ṣíbí kékeré méjì tí a fi ń po tíì. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ àwọ̀ ewé tí ó ti ń gbó, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lókè ojú rẹ̀ bí ìpéǹpéjú tí a fi ẹfun yà.

Òun nìkan kọ́ ni ó ń wá. Garden warbler wà pẹ̀lú, tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì jọ àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, tí kò ní àmì kankan tí a lè tọ́ka sí. Whitethroat wà, ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú. Ìhà Òkè Ọya níbi tí igi ẹlẹ́gùn-ún pọ̀ ni òun fẹ́ràn jù. Gbogbo wọn ni a bí ní òkè òkun. Nígbà tí òtútù bá ku díẹ̀ kí ó dé sí ọ̀dọ̀ wọn, tí kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, wọn a kọrí sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Wọn a máa dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí òjò bá ń parí lọ, wọn a sì bá wa lo ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: kò sí willow warbler kan tí ń lo ìgbà òtútù ní ilẹ̀ tí a ti bí i. Gbogbo wọn pátá ni ó ń wá sí Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ẹyẹ òyìnbó tí ó ṣì wá bẹ̀ wá wò ni. Ẹni tí ó ní ilé méjì ni. Bí ọ̀kan nínú ilé méjèèjì bá sì wó, kò ní ibùgbé mọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń WÁ LỌ?

Ó ṣeé ṣe kí ìyá kan béèrè pé, bí ilẹ̀ wa bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí wọn kò jókòó síbí kí wọ́n bímọ? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí gbogbo ìyá ni yóò yé: oúnjẹ ọmọ ni.

Ọ̀sán àti òru wa níhìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ọdún. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ a máa ju wákàtí 16 lọ. Bí a bá sì ń lọ sí ìhà àríwá sí i, ibì kan wà tí oòrùn kì í wọ̀ rárá ní àkókò náà. Bí òtútù bá ti lọ tán, tí gbogbo igi rúwé lẹ́ẹ̀kan náà, kòkòrò ajẹwé a pọ̀ bí iyanrìn. Ìyá ẹyẹ tí ó ní ẹnu mẹ́fà láti bọ́ a rí oúnjẹ, a sì rí wákàtí tí yóò fi wá a. Ìdí nìyí tí ó fi ń rin ìrìn-àjò tí ó lè pa á. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà bí bàálù bá fò ó tààrà. Àwọn willow warbler kan tilẹ̀ wà tí ibi ìpamọ wọn wà ní ìpẹ̀kun Sìbéríà ní ìlà-oòrùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ so ẹ̀rọ tíntín mọ́ wọn lára, wọ́n rí i nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 pé wọ́n ń rin nǹkan bí 13,000 kìlómítà kí wọ́n tó dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń padà.

ÌPALẸ̀MỌ́ ÀRÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹni tí yóò rìnrìn-àjò jíjìn a máa di oúnjẹ sápò. Ẹyẹ kò ní àpò, ara rẹ̀ ni àpò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí a máa jẹun bí ẹni tí a ń lé. Garden warbler a máa jẹ kòkòrò, a sì máa jẹ àwọn èso wẹ́wẹ́ bí ọ̀pọ̀tọ́, títí ọ̀rá yóò fi kún abẹ́ awọ rẹ̀. Èyí tí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 18 lè tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ kí ó tó dojú kọ aṣálẹ̀. Ní ilẹ̀ wa gan-an ni a ti ṣe díẹ̀ nínú ìwádìí yìí. Ní ọdún 1966, V. W. Smith tẹ ìròyìn jáde lórí ìwọ̀n àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò tí a mú ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ àti nígbà tí wọ́n ń padà lọ. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ tí a dá sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 2001, èyí tí a fi orúkọ A. P. Leventis pè, ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó Amurum.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé, bí garden warbler bá ti wà lójú ọ̀nà lórí aṣálẹ̀, ìfun àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tí ó fi ń da oúnjẹ a máa sún kì, kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Nígbà tí ó bá tún bọ́ sí ibi tí oúnjẹ wà, wọn a padà sí ipò wọn. Ẹ wò ó bí Ẹlẹ́dàá ti mọ ètò ṣe.

Òru ni wọ́n sábà máa ń fò. Afẹ́fẹ́ òru tutù, àṣá kì í sì í dọdẹ kiri lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá wọn lórí aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a bọ́ sílẹ̀, wọn a sì fara pamọ́ sí ibòji òkúta tàbí igi gbígbẹ, títí ilẹ̀ yóò fi tún ṣú. Báwo ni wọ́n ti ń mọ ọ̀nà? Ní àwọn ọdún 1950, Franz Sauer àti ìyàwó rẹ̀ Eleonore, àwọn ará Jámánì, kó irú ẹyẹ yìí sínú ilé kan tí a ti fi iná ya ìràwọ̀ sí àjà rẹ̀. Bí wọ́n ti ń yí ìràwọ̀ àjà náà padà ni àwọn ẹyẹ náà ń yí ojú padà. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn mìíràn tún fi hàn pé agbára òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tí ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì, ń tọ́ àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò sọ́nà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí: ọmọ willow warbler kì í bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rin ìrìn-àjò àkọ́kọ́ láti òkè òkun wá sí ọ̀dọ̀ wa. Òun nìkan ni, kò rìn ín rí, kò sí ẹni tí ó júwe rẹ̀ fún un. Kò tí ì pé ọmọ oṣù mẹ́fà tí ó fi ń la Sàhárà kọjá.

ILÉ ÌYÁ Ẹ̀YẸ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Akọ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ó bá ti dé, yóò wá igi tí yóò fi ṣe ààlà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti àárọ̀ títí di alẹ́. Orin náà a bẹ̀rẹ̀ lókè, a sì máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí yóò fi dákẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Abo a dé lẹ́yìn rẹ̀. Abo yìí nìkan ni ó ń kọ́ ìtẹ́, lórí ilẹ̀ láàrin koríko ni ó sì ń kọ́ ọ sí. Ó ní òrùlé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ rírọ̀ ni a sì fi tẹ́ inú rẹ̀. Ẹyin 4 sí 8 ni ó ń yé. Òun nìkan ni ó ń sàba fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí ọmọ bá jáde tán ni bàbá tó bá a dá sí iṣẹ́, tí àwọn méjèèjì ó sì jọ máa gbé oúnjẹ wálé. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí jọ ti ilé ẹnì kan tí ẹ mọ̀, ẹ rọra fi hàn án kí ó kà á.

Ó pẹ́ kí àwọn òyìnbó pàápàá tó mọ ẹyẹ yìí dájú. Gilbert White, àlùfáà kan ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹyọ kan kì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́ta ni. Ohùn wọn ni ó kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1789. Kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan. Ó kàn ń rìn ní àdúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fetí sílẹ̀, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ohun tí àlùfáà náà ṣe kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni nínú yín.

ỌDÚN TÍ WỌN KÒ PADÀ DÉ

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1969, àwọn tí ń ka ẹyẹ ní ilẹ̀ Britain ń retí whitethroat bí ìṣe wọn. Wọ́n retí títí, ọgbà dákẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wà ní ọdún 1968, nǹkan bí 77 ni kò padà wá. Wọ́n wádìí ní ilẹ̀ wọn, wọn kò rí àlébù. Nígbà tí ó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dá dá ní gbogbo agbègbè tí ó wà ní bèbè aṣálẹ̀, láti Sẹ́nẹ́gà títí kan ìhà òkè ilẹ̀ tiwa. Òjò kò rọ̀, koríko kò hù, kòkòrò kò sí, èso kò sí. Ẹyẹ tí ó fẹ́ di ọ̀rá sára kí ó tó la aṣálẹ̀ kò rí nǹkan dì. Ọ̀dá yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn ní agbègbè náà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan ni ó sọ ẹ̀yìnkùlé èkejì di ahoro. Bí òkè òkun bá sì ba ilé tiwọn jẹ́, àwa náà ni a kò ní rí àlejò mọ́. Àwọn kan wà ní erékùṣù Sáípúrọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi àtè mú ẹyẹ kékeré wọ̀nyí lójú ọ̀nà láti fi ṣe oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti ka á léèwọ̀ láti ọdún 1974. Nítorí náà, kì í ṣe apá ibì kan ṣoṣo ni ẹ̀bi wà. Ní ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Bonn láti jọ dáàbò bo àwọn ẹranko àti ẹyẹ tí ń ti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sí ní ẹ̀yìnkùlé yín láàárọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀.

BÍ A TI Ń WÒ WỌ́N

Kí ẹ tó lè rí àlejò inú ewé, ẹ ó kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ẹ yan igi kan ṣoṣo tí ẹ lè máa rí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná tàbí láti ibi tí ẹ ti ń fọ aṣọ. Láàrin aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀ ni ó dára jù, àti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ má jẹ́ kí àárọ̀ ọjọ́ náà kọjá, nítorí kòkòrò a máa pọ̀.

Ẹ má wá ẹyẹ. Ẹ wá ewé tí ń mì nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹjú mọ́ ibẹ̀. Ẹyẹ kékeré tí kì í dúró lójú kan, tí ń ti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí ń na ọrùn wo abẹ́ ewé, tí ìlà funfun wà lókè ojú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ willow warbler. Àwọn ẹyẹ ilé wa kan wà tí wọ́n jọ ọ́, nítorí náà ẹ má kánjú dárúkọ. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin: Báwo ni ó ti tóbi tó? Irú àwọ̀ wo ni ẹ̀yìn àti àyà rẹ̀? Ǹjẹ́ àmì wà lójú tàbí lápá rẹ̀? Kí ni ó ń ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí awò olójú méjì bá wà nílé, ó dára. Bí kò bá sí, ojú lásán tó láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ní fóònù ìgbàlódé lè gba ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ Merlin, láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí a lè fi wá orúkọ ẹyẹ.

Ẹ mú àwọn ọmọ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè kọ́ láti dákẹ́ títí a ó fi ka oókan dé ogún. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ya ohun tí ó rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ìka tọ ọ̀nà ẹyẹ náà lórí máàpù, láti ilé yín dé Kánò, láti Kánò kọjá aṣálẹ̀, kí ó fi bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ orílẹ̀-èdè láìsí ẹgba. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé wà nínú rẹ̀, sùúrù sì wà nínú rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìyá tí ó bímọ láìpẹ́, tí ọmọ kò jẹ́ kí ó sùn, tí ilé sì há mọ́ ọn, òun náà lè rí àǹfààní nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú ọmọ lọ́mú àti ojú lára igi, jẹ́ ìsinmi díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jà sí. Kì í ṣe oògùn o. Bí ìbànújẹ́ lẹ́yìn ìbímọ bá wúwo, tí kò sì lọ, kí ó lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Britain ni ó ń pàdé àwọn àlejò wọ̀nyí ní òdìkejì ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí igbó kékeré tí igi rẹ̀ kò ga jù, kí ẹ sì fetí sí orin tí ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n ń fi ṣe àyájọ́ orin ẹyẹ àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹyẹ tí ń kọrin yìí lè ti ilẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà dé, pé kò ní ìwé ìrìnnà, pé kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ tún sọ fún un pé wọ́n ti dín kù gidigidi ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà yóò rí ìdílé mìíràn, tí a ń pè ní warbler pẹ̀lú, tí àwọ̀ wọn sì rẹwà ju ti ìhín lọ. Cuba àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lo ìgbà òtútù. Nínú oṣù karùn-ún, wọn a dúró sinmi ní Magee Marsh ní Ohio, ní etí adágún Erie, kí wọ́n tó fo omi náà, àwọn èrò a sì kún ojú ọ̀nà onípákó tí a ṣe síbẹ̀ láti wò wọ́n. Ewu tiwọn ni iná alẹ́ àti gíláàsì. Ní òru kan àti òwúrọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ẹyẹ arìnrìn-àjò ni ó kú ní ẹsẹ̀ ilé gíláàsì ńlá kan ní Chicago. Ìròyìn àwọn onímọ̀ tí ó jáde ní ọdún 2019 sọ pé láti ọdún 1970, nǹkan bí bílíọ̀nù 3 ẹyẹ ni ó ti dín nínú iye tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nítorí náà, ẹ máa fa kọ́tìnì, kí ẹ sì máa pa iná tí ẹ kò lò bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁWỌ́ WA

Ohun tí a lè ṣe nílé kò le. Èkíní, ẹ wo ọwọ́ ọmọkùnrin yín. Bí ó bá gbé rọ́bà ìta-ẹyẹ, ẹ má gbóríyìn fún un. Ẹyẹ tí ó wọn gíráàmù 9 kò lè kún ẹnu ọmọ kan, kò lè kún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì kù díẹ̀ kí ó padà lọ bímọ. Ẹ má kàn gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀; ọmọ tí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lọ ṣe òmíràn. Ẹ fún un ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sọ ọ́ di akọ̀wé ẹyẹ ilé. Ojú tí ó fi ń wá ẹyẹ pa náà ni yóò fi máa ka ẹyẹ.

Èkejì, ẹ bá bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí ó tó gé igi ẹ̀yìnkùlé nítorí pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a fi símẹ́ńtì bò tán kì í rí àlejò, ooru rẹ̀ a sì máa han àwọn ọmọ léèmọ̀. Bí àyè bá wà, ẹ gbin igi tí ń so èso, kí ẹ sì fi etí ọgbà kan sílẹ̀ fún koríko.

Ẹ̀kẹta, ẹ dín oògùn apakòkòrò kù lórí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Oògùn tí ó pa kòkòrò lè pa ẹyẹ tí ó jẹ kòkòrò náà, ẹ̀fọ́ náà ni a ó sì sè fún ọmọ jẹ.

Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ bá rí òkú ẹyẹ, kí ó má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí àrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí òrùka irin wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí orúkọ tí ó wà lára òrùka náà. Láti ọdún 1909 ni wọ́n ti ń fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní Britain, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Bí oṣù kẹrin bá ti ń parí lọ, àwọn igi náà yóò dákẹ́ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bínú. Nígbà tí òjò bá ń parí, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kẹwàá, ẹ tún mú ìwé pélébé náà jáde, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wo ojú ewé. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó lọ yóò padà dé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí yóò sì dá nìkan wá ọ̀nà wá. Kí wọ́n bá igi nílẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn ọmọ tí kò ní òkò lọ́wọ́.